Ṣé kí ìyá ẹlẹ́ja yìí yọ ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ìtàn nípa Ẹ̀pẹ́ ọjọ́ iwájú. Ìjọba ti ki ẹ̀rọ tó kéré bíi hóró ìrẹsì bọ abẹ́ awọ ọwọ́ gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá jẹ gbèsè, ẹnu ọ̀nà ọjà Olúwo ò ní ṣí fún un. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ní Sweden, àwọn kan ti fi irú ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin rí ní 2017.)

Ìyá ẹlẹ́ja kan fẹ́ fi ọ̀bẹ tó fi ń ha ìpẹ́ yọ tiẹ̀. Ibẹ̀ ni mo há sí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó yọ ọ́, kó sì bọ́. Èmi ń rò ó pé ẹ̀rọ náà ló ń mú ọkàn rẹ̀ lù. Èwo ni kí n kọ?