Kànga Ìyàrà kò ní àyè nínú fọ́ọ̀mù

Òkun o, gbogbo ilé. Lórí bí wọ́n ṣe ń fi iye àpilẹ̀kọ díwọ̀n iṣẹ́ olùwádìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi wọn bí omi kànga ṣe jìn tó láti Kábà dé Ìyàrà, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Orí àpáta la wà, apá tó ti rọ̀ lórí rẹ̀ àti ibi tó ti là ló ń gba omi dúró. Mo ta kókó sí okùn ní ìdajì mítà, ìdajì mítà, mo so irin mọ́ ọn nídìí. N ó jù ú sínú kànga, n ó wo kókó tó tutù, n ó kọ ọ́ sínú ìwé. Màmá kan ní Ìyàrà bi mí pé, "Ọmọ mi, omi wa tí o ń kọ yìí, ibo lo ń gbé e lọ?"

Àpilẹ̀kọ kan jáde láti inú iṣẹ́ náà, àmọ́ inú àpótí mi ni ìwé tí mo kọ omi kànga sí wà. Ẹnì kan tọrọ rẹ̀, mo fún un. Nígbà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jáde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní ìlà kan nísàlẹ̀. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ka iye ìtọ́kasí (iye ìgbà tí àwọn mìíràn kọ iṣẹ́ rẹ sínú àkójọ ìwé tí wọ́n lò) kì í ka ọpẹ́. Àsìkò ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ dé, fọ́ọ̀mù béèrè iye àpilẹ̀kọ àti h-index tí Jorge Hirsch gbé kalẹ̀ ní 2005: bí àpilẹ̀kọ rẹ 5 bá ní ìtọ́kasí márùn-ún márùn-ún ó kéré tán, 5 ni tìrẹ. Kò sí ibi tí mo lè kọ kànga sí. Ó dùn mí wọ eegun. Bẹ́ẹ̀, DORA, ìkéde lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa díwọ̀n iṣẹ́ ìwádìí, tó bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní 2012, ti ní kí wọ́n máa ka dátà mọ́ iṣẹ́ ìwádìí.

Alaalẹ́ tí iná bá wà ni mo ń tẹ ìwé yẹn sí kọ̀ǹpútà. Mo yọ orúkọ àwọn onílé kúrò (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìyẹn), mo gbé e sí Zenodo, ibi ìpamọ́ iṣẹ́ ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, ń bójú tó, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fún un ní DOI, nọ́ńbà tí kì í yí padà. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìtọ́kasí rẹ̀, ẹ̀rọ á rí i.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kẹ́ńyà lò ó, ó sì kọ DOI náà síbẹ̀. Mo padà lọ sọ fún Màmá. Ó gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n rí i níbẹ̀ pé ó máa ń gbẹ kí òjò tó dé?"

Mo ní, "Wọ́n rí i, Màmá."