Wọ́n ní kí n wá tẹ dùrù ní panto lọ́la, ẹ gbà mí

Atẹdùrù Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé òru ni mo ń kọ èyí. Ara mi ò balẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ni mo dé, MA musical direction (ìdarí orin eré ìtàgé) ni mo ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, físà akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Nírọ̀lẹ́ yìí ni MD (olùdarí orin) kan tó wá kọ́ wa lẹ́ẹ̀kan pè mí. Ẹni tó ń tẹ Keys 2 (kíbọ́ọ̀dù kejì) fún un nínú panto, eré ìtàgé olórin apanilẹ́rìn-ín ìgbà Kérésì, ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú. Ó ní kí n wá dep, ìyẹn kí n di àyè rẹ̀ mú: eré mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, £85 lórí eré kan, kí n sì fi invoice ránṣẹ́. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ló fẹ́ gbọ́ èsì. Ṣé mo lè gbà á? Bí mo bá lè gbà á, báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ ìwé orin tó tó ojú ewé 140 lọ́jọ́ kan? Bí mi ò bá sì lè gbà á, kí ni n ó sọ fún un tí kò fi ní pa nọ́ńbà mi rẹ́?

Bọ̀dá Peckham: Má fi invoice kankan ránṣẹ́ o. Jọ̀wọ́, àbúrò mi.

Ọdún 2016 ni tèmi. Ọ̀rẹ́ kan ní kí n bá òun di àyè mú ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Invoice mẹ́ta ni mo kọ, gbogbo rẹ̀ ò tó £400. Nígbà tí mo fẹ́ gba físà mìíràn, wọ́n bi mí nínú fọ́ọ̀mù bóyá mo ti ṣe iṣẹ́ tí físà mi ò gbà. Mi ò lè purọ́. Wọ́n ní rárá. Lọ́yà gba £1,800 lọ́wọ́ mi, mo sì padà sílé náà ni. Oṣù 14 ni mo lò ní Abẹ́òkúta. Fóònù ni mo ti gbọ́ igbe àkọ́bí mi.

Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọn kì í kà: o ò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ ara rẹ ṣe, o ò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ adánilárayá. Kíkọ invoice nìkan ti sọ ẹ́ di adáṣẹ́ṣe. Kí ni ká wá pe jíjókòó sínú pit, àyè àwọn olórin níwájú ìtàgé?

Ìyá Ìbejì Glasgow: Ẹ kú ìrántí ọjọ́ yẹn, bọ̀dá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ má kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lóru yìí. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ń rí sí físà ní ilé ẹ̀kọ́ yín. Akẹ́kọ̀ọ́ orin, ijó àti eré ìtàgé ní àyè kan: bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ placement (iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́) tó wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ, tí wọn yóò fún ẹ ní máàkì lórí rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ o, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. MD yẹn ò lè fún ẹ ní àṣẹ yẹn, bó ti wù kó fẹ́ràn ẹ tó.

Alága Choir, Manchester: Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ yìí jù. Nígbà tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ta ni kò tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì fún un ní àpòòwé lẹ́yìn ìsìn? Ta ni wọ́n dá padà sílé nínú wa?

Bọ̀dá Peckham: Ẹ̀gbọ́n, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá fún yín ní nǹkan lọ́jọ́ ìkórè, ìmoore ni. £60 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ ti jọ fẹnu kò sí, tí ẹ máa bínú bí kò bá dé, owó iṣẹ́ ni. Ì báà wà nínú àpòòwé, ì báà wà nínú igbá.

Alága Choir, Manchester: Iṣẹ́ Olúwa ni mo ń sọ.

Bọ̀dá Peckham: Olúwa kọ́ ló ń fúnni ní físà, ẹ̀gbọ́n.

Sísí Leeds: Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n méjèèjì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ kan máa tẹ dùrù lówó, akọ̀wé kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìgbà tí èsì dé ni wọ́n tó fún un ní payslip bíi ti ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́. Oṣù kan àti ààbọ̀ ló fi jókòó láàárín àwọn akọrin kí èsì tó dé, kò tẹ nǹkan kan. Inú bí àwọn kan. Lónìí ọmọ náà ti kàwé tán, ó ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìsí pé ó ń bojú wẹ̀yìn.

Alága Choir, Manchester: Mi ò tíì gbà tán lórí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ àbúrò, ní ti panto yẹn, ti bọ̀dá ni kí o tẹ̀ lé.

Ọmọ Èkìtì ní New York: Níbí ńkọ́! Lórí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́ tiwa, o ò lè gba sub kankan níta ilé ẹ̀kọ́ àfi bí CPT (àṣẹ iṣẹ́ tó jẹ́ ara ẹ̀kọ́) bá wà nílẹ̀, tàbí kí o dúró de OPT, àṣẹ iṣẹ́ oṣù 12 lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Sub là ń pè é níbí, ẹ̀yin ẹ ní dep. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n ní kí ó kọ́ ìwé lọ́jọ́ kan. Ẹni tó fẹ́ ṣe sub ní Broadway máa kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, á wo ọwọ́ rẹ̀, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pedal tó ń yí patch (irú ohùn kíbọ́ọ̀dù), á gba fídíò olùdarí lọ sílé, á máa bá a tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa dán ẹ wò. Bí o bá ba eré jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, wọn ò ní bú ẹ, wọn ò kàn ní pè ẹ́ mọ́.

Atẹdùrù Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣeun, ọkàn mi ti ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti fi ìwé náà ránṣẹ́, mo ti ṣí i. Vamp, ibi tí wọ́n ní kéèyàn máa yí ká, kún inú rẹ̀. Ojú ewé kan ní ṣáàpù mẹ́fà, èyí tó tẹ̀ lé e ní fláàtì márùn-ún.

Ìyá Ìbejì Glasgow: Fláàtì márùn-ún! Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

2014. Mo ti tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn fún ọdún 11. Kò sí orin tí wọ́n dá tí mi ò lè bá lọ. C ni mo ń tẹ gbogbo rẹ̀, bí olórin bá ti gòkè, ìka mi á lọ sórí transpose, bọ́tìnì tó ń gbé ohùn sókè sódò. Mo wọ ọkọ̀ òfurufú wá síbí fún àyẹ̀wò ìgbaniwọlé ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n mú mi wọ yàrá, grand piano ńlá ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbé orin tí mi ò rí rí síwájú mi, ọmọbìnrin kan dúró létí piano láti kọ ọ́, wọ́n ní kí n fi dùrù kọ́ ọmọbìnrin náà ní orin ọ̀hún. Mo ń wá nóòtì kiri, mo ń dúró, mo ń bẹ̀rẹ̀ padà. Ọmọbìnrin náà rọra ní, ṣé a lè sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀? Ọwọ́ mi lọ síbi tí transpose máa ń wà. Igi ni mo bá níbẹ̀.

Owó ọkọ̀, owó físà, owó àyẹ̀wò, gbogbo rẹ̀ bá omi lọ. Mo padà sílé, mo gbé Ìwé Orin Mímọ́ kalẹ̀, mo ń ka orin márùn-ún láràárọ̀, mo ń tẹ ìkọ̀ọ̀kan ní key mẹ́ta, mi ò sì gbà kí ọwọ́ mi dúró bí mo bá ṣì í. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń wò. Bí ìwọ olùdarí bá dúró wá nóòtì, èèyàn mẹ́wàá ti dúró pẹ̀lú rẹ, ẹni tó ń jó lókè á wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí. Ọdún kejì ni wọ́n gbà mí.

Alága Choir, Manchester: Ní ti vamp, má bẹ̀rù rárá. Pásítọ̀ tó ń pe èèyàn wá síwájú, tó ní ó ku ẹnì kan, tó tún ní ó ku ẹnì kan, tí o sì ń yí ẹsẹ orin kan ṣoṣo ká fún ogún ìṣẹ́jú láìjẹ́ kó sú ìjọ: vamp nìyẹn. O ti ń ṣe é kí o tó mọ orúkọ rẹ̀.

Àwa la tiẹ̀ yẹ kó máa kọ́ni níṣẹ́ yìí. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, tí wọ́n tún gbé e wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, ta ló ń darí? Onílù ló ń wo ẹsẹ̀ Ṣàngó, tó ń wo ẹnu rẹ̀, tó mọ ìgbà tí yóò dá dúró dè é.

Ìyá Ìbejì Glasgow: Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo wá kọ́ níbí kò ju kí n lè fi orí júwe fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi nígbà tí ọwọ́ méjèèjì wà lórí dùrù, kí n sì kọ ohun tí etí mi gbọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Etí ti wà níbẹ̀ láti ilé.

Bọ̀dá Peckham: Kí gbogbo wa wá sí Peckham ló kù. Láti 2018 tí Mountview, ilé ẹ̀kọ́ eré ìtàgé, ti kó kúrò ní Wood Green wá bá wa, akẹ́kọ̀ọ́ musical direction lè jáde ní kíláàsì kó ra ata rodo àti pọ̀nmọ́ ní Rye Lane kó tó délé. Ìlú wo ló tún ní irú rẹ̀?

Ìyá Ìbejì Glasgow: Ẹ mú pọ̀nmọ́ yín. Renfrew Street ni ilé ẹ̀kọ́ tiwa wà, bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní panto, ẹ wá sí King's Theatre níbí lóṣù Kejìlá, kí ẹ gbọ́ bí ìyá àgbà ọgọ́rin ọdún ṣe ń pariwo mọ́ òṣìkà orí ìtàgé.

Ọmọ Èkìtì ní New York: Ilé eré 41 ló wà ní Broadway o. Àwa la sì gbé Fela! sí Broadway ní 2009 kí Lọ́ńdọ̀nù tó rí i ní 2010.

Bọ̀dá Peckham: Fela fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lọ́ńdọ̀nù ló wá ní 1958, Trinity, ilé ẹ̀kọ́ orin, ló lọ. Kí ẹ tó gbé eré rẹ̀, àwa ti bá a jẹun.

Alága Choir, Manchester: Ẹ jẹ́ kí n lé e sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips ti dé Trinity yẹn ní 1911. Ó padà sílé, ó jókòó sídìí ọ́gàànù ní Kàtídírà Marina láti 1914 títí di 1962. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọdé tó kọrin lábẹ́ rẹ̀. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, ohùn bàbá mi ni mo máa ń gbọ́.

Atẹdùrù Ìjẹ̀bú: Ẹ ti pa mí lẹ́kún, sà. Ìṣọ́ òru Kérésì àkọ́kọ́ tí mi ò ní sí nílé rèé. Ọyẹ́ á ti máa fẹ́ ní Ìjẹ̀bú báyìí, wọ́n á ti máa pín ìwé sol-fa tó ti pọ́n létí.

Bọ̀dá Peckham: Má sunkún, àbúrò. Parí ẹ̀kọ́ rẹ. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jẹ́rìí fún ìjọba pé o ti parí, bèèrè fún físà Graduate, ti ẹni tó kàwé tán, kí 2026 tó tán, ọdún méjì ni wàá gbà. Ẹni tó bá wọ 2027, oṣù 18 ni. Lórí ìyẹn, kọ invoice títí ọwọ́ á fi ro ẹ́.

Ìyá Ìbejì Glasgow: Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní rárá láàárọ̀, bẹ ọkùnrin náà kó jẹ́ kí o wá jókòó nínú pit lálẹ́ kan, kí o kàn máa wò.

Bọ̀dá Peckham: Kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan o.

Atẹdùrù Ìjẹ̀bú: Báwo ni n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, mà?

Sísí Leeds: Ẹ dákun, ta ló ní ìwé sol-fa Kérésì yẹn lọ́wọ́ nínú yín? Ẹ bá mi ya fọ́tò rẹ̀. Ohùn alto ni mo ń wá. Ìlà kejì ló ti fà ya lára tèmi.