Ó ti yanjú: Alùpùpù Ducati 900SS tó ń wúkọ́ bí mo bá fún un níná lójijì

Mo bèèrè ohun tó ń fa ìkọ́ yìí lọ́wọ́ yín; ẹni tó ní kí n tú pọ́ǹpù kékeré ara kabúrétọ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) wò ló mọ̀ ọ́n. Pọ́ǹpù yìí ló ń tú epo kún un bí a bá fún un níná lójijì. Kabúrétọ̀ Dell'Orto PHM 40 méjì ló wà lára 900SS ọdún 1978 yìí; rọ́bà pẹlẹbẹ inú pọ́ǹpù wọn ti gan bí awọ gbígbẹ, ọ̀kan ti ya létí. Mo pààrọ̀ méjèèjì, ìkọ́ náà sì tán. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yí ọwọ́ iná: epo gbọ́dọ̀ tú jáde nínú kabúrétọ̀ tín-ín-rín bí omi abẹ́rẹ́. Tèmi ń kán tótó tẹ́lẹ̀ ni.

Púlọ́ọ̀gì tuntun? Owó ṣòfò. Jẹ́ẹ̀tì kékeré, ìyẹn ojú ihò tí epo ń gbà nínú kabúrétọ̀, tí mo fi afẹ́fẹ́ fọ̀ (ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́, ihò á fẹ̀) jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dúró láìkú bí n kò bá fún un níná, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ku kí kébù méjèèjì máa ṣí kabúrétọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ẹ̀yìn ṣì ń ṣáájú díẹ̀. Ẹ ṣé o.