Táǹkì ẹja omi iyọ̀ kékeré: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sin ẹja omi iyọ̀ tipẹ́. Táǹkì lítà 75 ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: iyùn rírọ̀ díẹ̀ (ẹ̀dá abẹ̀mí inú òkun, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀) àti ẹja clownfish méjì.

Mo po iyọ̀ òkun mọ́ omi tí ẹ̀rọ sẹ́ dáadáa, ìwọ̀n iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.025 (ìyẹn bó ṣe wúwo sí ní ìfiwéra pẹ̀lú omi lásán), ooru rẹ̀ sì wà ní 25°C. Òkúta gbígbẹ ni mo kó sí i, mo wá da bakitéríà inú ìgò lé e. Amóníà, tó jẹ́ májèlé fún ẹja, ti di òdo, ṣùgbọ́n nitrite, májèlé mìíràn tí bakitéríà ń sọ amóníà dà, ò tíì kúrò ńlẹ̀. Ṣé kí n ṣáà ní sùúrù ni, àbí kí n pààrọ̀ omi díẹ̀? Àwọn kan ní kí n ti ẹja sínú rẹ̀ báyìí. Èmi ò gbà.

Omi tó ń gbẹ, omi lásán ni mo fi ń dí i, torí iyọ̀ kì í bá omi gbẹ. Ṣé ọwọ́ tó fún ìyẹn, àbí kí n ra ẹ̀rọ tó ń bu omi kún un fúnra rẹ̀?

Iná náà ńkọ́? Wákàtí mélòó lójúmọ́ lẹ fi ń tàn án fún iyùn tuntun, tí nǹkan aláwọ̀ ewé yẹn ò fi ní bo gíláàsì?