Owó oṣù wọlé ṣáájú Kérésì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: kí ni kí n wí fún Màámi?

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ṣì wà lójúfò kó dá mi lóhùn, àyà mi ń já. Ibi iṣẹ́ wa san owó Dìsẹ́ńbà lánàá, ọjọ́ 19, nítorí ọdún. Inú mi ń dùn títí mo fi rántí pé owó ìparí oṣù gan-an nìyẹn, òmíràn ò sì ní wọlé mọ́ àfi 31 Jánúárì. Mo ti san gbèsè tó wà nílẹ̀, mo ti ra bàtà òtútù fáwọn ọmọ, mítà iná náà sì ń gbé owó mì. £340 ló kù sí mi lọ́wọ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù ni wọ́n máa ń yọ owó ilé, £725.

Màámi wá pè láti Ìkìrun láàárọ̀ yìí. Àpò ìrẹsì kan, òbúkọ kan, aṣọ ọdún fáwọn ọmọ àbúrò mi mẹ́ta. Wọn ò fagídí béèrè o. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, pé n ò ní tọrọ jẹ nílẹ̀ àjèjì. Mò ń ṣàmín, omi ń bọ́ lójú mi. Àwọn ìbejì náà ti kọ lẹ́tà sí Bàbá Kérésì nílé ìwé, olùkọ́ wọn ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ọ̀nà méjì ni mo rí. Mo ní káàdì gbèsè kan tí mo lè fi yọ £500 lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹnì kan lórí WhatsApp sì ní àwọn èèyàn á máa san pọ́n-ùn sínú akáǹtì mi, kí n máa fi í ránṣẹ́ síbi tóun bá ní kí n fi í sí, òun á fi náírà sọwọ́ sí Màámi nílé, ìyẹn ni èrè tèmi. Èwo ni kí n ṣe? Àbí kí n kúkú pa fóònù títí ọdún á fi kọjá?

Àgbà Peckham:
Má ṣe é! Ti WhatsApp yẹn, má tilẹ̀ dá a lóhùn mọ́. Mo wà níbi iṣẹ́, mò ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham:
Ìyá Ìbejì, pẹ̀lẹ́. Fi káàdì náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí ni mo fi irú ẹ̀ yọ £400 nítorí Kérésì. Tí mo bá fi í ra ọjà, tí mo sì dá gbogbo owó padà lásìkò, wọn kì í gba èlé lọ́wọ́ mi. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó tí èèyàn bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Rárá o. Ọjọ́ tí owó jáde gan-an ni èlé ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún gba owó lọ́tọ̀ lórí pé mo yọ ọ́. Mo fi ra tòlótòló ńlá tẹ́nikẹ́ni ò jẹ tán, mo fi ra ẹ̀bùn fáwọn ará ibi iṣẹ́ tí n ò rántí orúkọ wọn mọ́ báyìí. Ọdún Àjíǹde dé, mo ṣì ń san án.

Bọ̀dá Manchester:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí ó ń dùn mí dòní. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìjọ wa ló ní kí n bá òun gba owó lọ́wọ́ àwọn kan, pé wọ́n fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ wọn níbí, wọ́n á sì san náírà fún bàbá mi ní Adó-Èkìtì. Ti àkọ́kọ́ lọ láìsí wàhálà. Èyí tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ọ̀sẹ̀ Kérésì. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Cheetham Hill. Adìyẹ líle méjì, iṣu kan, kèrègbè òróró kan, tàtàṣé nínú ọ̀rá, gbogbo ẹ̀ ti wà lórí káńtà. Mo fi káàdì kàn án, ó kọ̀. Mo tún fi kàn án, ó kọ̀. Èrò ti tò lẹ́yìn mi dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ mi di ṣòkòtò mi mú, ó ní, "Dádì, ṣé a ò ní gbé adìyẹ lọ mọ́ ni?" Ìyá tó ń tajà wojú ọmọ, ó wojú mi, ó fa iṣu àti adìyẹ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n máa gbé e lọ, tí owó bá dé kí n mú un wá.

Báńkì ti ti akáǹtì mi pa. Owó tí wọ́n san sí i, owó tí wọ́n fi èrú gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Wọ́n fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí Cifas, àkọsílẹ̀ táwọn báńkì fi ń mọ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú jìbìtì, ọdún 6 ló sì ń lò níbẹ̀. Gbogbo báńkì tí mo bá lọ ni wọ́n ń lé mi. Fóònù tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù gan-an, wọn ò fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní òun náà ò mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Thamesmead:
Bọ̀dá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká pa gbogbo ẹ̀ pọ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó ti ń ṣe é tipẹ́. Wọ́n nílò pọ́n-ùn fún ọmọ wọn tó ń kàwé níbí, mo nílò náírà fún ilé tí mò ń kọ́. Kò sí báńkì kankan tó ti akáǹtì mi. Ibi tí ẹ ti ṣì í ni pé ẹ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀.

Bọ̀dá Manchester:
Mo mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ wá. Èmi àtiẹ̀ la jọ ń kọrin nínú kúáyà. Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni n ò mọ̀. Ìwọ náà, ṣé o mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Thamesmead:
Ọmọ ìyá mi ni wọ́n! Ta ló tún fẹ́ wà lẹ́yìn ọmọ ìyá mi?

Àgbà Peckham:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ohun tí ẹ ń sọ ò jọra. Ọmọ Ìjẹ̀bú ń fi owó òógùn ojú ẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ọmọ ìyá ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi lọ Ìyá Ìbejì ni pé kó yá wọn ní akáǹtì, kí owó ẹni ẹlẹ́ni gba inú ẹ̀ kọjá. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn níbí. Fífọ owó èrú mọ́ ni wọ́n máa kà á sí, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ sì lè tó ọdún 14. Àwọn ọlọ́pàá kì í mú ẹni tó wà lórí WhatsApp, torí wọn ò rí i. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lára akáǹtì ni wọ́n máa rí.

Tí ẹ bá fẹ́ fowó ránṣẹ́ sílé, ilé iṣẹ́ tó gba àṣẹ ni kẹ́ ẹ bá lọ. Ẹ yẹ orúkọ wọn wò nínú àkọsílẹ̀ FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ owó níbí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan. Náírà tí wọ́n á yọ nínú ẹ̀ ò tó oorun tí ẹ ó sùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Thamesmead:
Mo gbà, Àgbà. Ìyá Ìbejì, má yá ẹnikẹ́ni ní akáǹtì. Ṣùgbọ́n pàṣípààrọ̀ tèmi ṣì dáa.

Bọ̀dá Manchester:
Títí di ọjọ́ tí wọ́n á bi ọ́ léèrè ibi tó ti wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sheffield:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Food bank, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ sára físà mi pé n ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ni mo ti ń fi gààrí sùn, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí n lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham:
Ọmọ dáadáa, lọ! Lọ́la òde yìí ni kó o lọ! Food bank kì í ṣe owó ìjọba, àwọn aláàánú ló ń dá a sílẹ̀, kò ba físà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ibi púpọ̀ nínú wọn máa ń béèrè fáúṣà. Dókítà rẹ, Citizens Advice tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí àwọn tó ń mójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì yín lè bá ọ wá ọ̀nà ẹ̀. Ìyá Ìbejì, tìrẹ náà nìyẹn: ilé ìwé àwọn ìbejì lè kọ ọ́ fún ọ. Má dúró di ọjọ́ 24, torí ibi púpọ̀ máa ń tilẹ̀kùn lásìkò ọdún Kérésì.

Tí mítà rẹ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń kọ́kọ́ sanwó sí, pe ilé iṣẹ́ iná. Wọ́n ní owó pàjáwìrì tí wọ́n fi ń gbé èèyàn ró tí owó bá tán, wọn kì í sì í pa iná lọ́jọ́ ọlidé. Kó o sì pe onílé kí ọjọ́ kìn-ín-ní tó pé. Èyí tó le jù lọ ni kí owó ilé kọ̀ láìjẹ́ pé o ti sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sheffield:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹkún ń gbọ̀n mí níbí yìí. Wọ́n ní tí ilé ìwé bá ti wà ní ọlidé Kérésì, mo lè ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀?

Àgbà Peckham:
Tó bá jẹ́ díígírì tàbí Másítà, tí ọjọ́ náà sì bọ́ sínú ọlidé tí yunifásítì yín kọ sínú kàlẹ́ńdà wọn, o lè ṣe é. Wo kàlẹ́ńdà náà dáadáa, má fi ẹnu ọ̀rẹ́ ṣe. Àwọn tó ń ṣe Ph.D. ò sí nínú ìyẹn. Tí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésì gan-an, kọ́kọ́ wo ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ. Kò sófin tó ní kí wọ́n fowó lé e. Ní London níbí, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ 25. Ará ilé mi kan san £40 fún takisí láti lọ pa £90.

Ìyá Houston:
Ọmọ mi tó wà ní Leeds, gbogbo wọn ti sọ ti báńkì. Èmi fẹ́ sọ ti ìyá rẹ. Wí fún wọn. Ọdún tí wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, mo yá owó ránṣẹ́ sílé kí ojú má bàa tì mí. Ìyá mi pín ìrẹsì yẹn káàkiri àdúgbò, wọ́n bu fún aládùúgbò, wọ́n bu fún àwọn Àlùfáà, wọ́n ní ọmọ àwọn ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Ìgbà tí wọ́n wá gbọ́, ọdún ti kọjá. Wọ́n ní, "O jẹ́ kí n máa fi gbèsè rẹ ṣe fàájì." Ohùn wọn ṣì wà létí mi. Wọ́n ti sùn báyìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Thamesmead:
Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, Mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyá lèèyàn ń sọ fún. Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọdún tí mo sọ pé ọwọ́ mi ò tó o, wọn ò sùn. Wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n pe wòlíì, wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá wa láti fowó ránṣẹ́ sí mi. Láti ìgbà náà, "Ó dáa, Mà" ni mo máa ń wí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Birmingham:
Àárín ẹ̀ wà. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àpò? Ní kí àbúrò rẹ ra kóńgò márùn-ún àti àkùkọ kan. Òbúkọ lè dúró de Àjíǹde. Kò sí irọ́ nínú ẹ̀, ilé á sì ta sánsán.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ ṣé, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti bú u lórí WhatsApp, mo sì ti dí i pa. Màá pe onílé láàárọ̀ ọ̀la. Ti Màámi… kóńgò márùn-ún yẹn, mo ṣì ń rò ó. Wọ́n ti sọ fún Ìyá Alájé pé àpò ń bọ̀.

Ìyá Houston:
Fún àwọn ìbejì, má bọkàn jẹ́. Ohun tí àwọn ọmọ mi ń rántí ni pé a sun súyà lẹ́yìn ilé, a wọ ṣẹ́ẹ̀tì pénpé ní Kérésì. Houston ò mọ ohun tí ẹ ń pè ní òtútù.

Bọ̀dá Manchester:
Ẹ wo ìyá wa o! Kérésì láìsí òtútù, ṣé Kérésì nìyẹn?

Ìyá Houston:
Ṣé yìnyín ń bọ́ ní Ìkìrun ni? Houston ló jọ ilé jù! Tí a bá jáde ní òpópónà Bissonnet níbí, Yorùbá la ń gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Thamesmead:
Ẹ ò tíì dé Rye Lane ní Peckham lọ́jọ́ 23 ni. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá, ẹ ó gbọ́ èébú, ẹ ó tún bá ẹni tẹ́ ẹ jọ kàwé pàdé nídìí ẹja yíyan.

Àgbà Peckham:
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó la wà o. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá gbọ́dọ̀ tì lọ́jọ́ 25, òfin ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 24, wọ́n ń lẹ ìwé ẹ̀dínwó mọ́ ẹran àti ẹ̀fọ́. Mo ti ra ẹsẹ̀ ẹran àgùntàn lówó pọ́ọ́kú lásìkò yẹn. Ẹ tètè dé, àwọn Ìjẹ̀bú ti mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìbàdàn, Dublin:
Ẹ̀yin ni ẹ ń rántí ẹran. Èmi, ọyẹ́ ni mò ń wá. Kí ètè gbẹ, kí eruku bo ewé, kí ẹ fi òrí pa ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ bàtà tuntun tó tóbi jù yín lọ. Kí wọ́n ní kí n gbé abọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò lọ sílé Alhaji, kí Alhaja ki ₦20 bọ̀ mí lápò, torí a ti jẹ tiwọn nílèyá. Lọ́jọ́ kejì, Agodi Gardens. Ta ló rántí bángà?

Bọ̀dá Manchester:
Mo rántí! Bàbá mi gba tèmi, wọ́n jù ú sínú omi. Ṣùgbọ́n Kérésì Adó ju ti Ìbàdàn lọ. Iyán wà lẹ́yìn ìrẹsì.

Ọmọ Ìbàdàn, Dublin:
Ará Èkìtì! Ọjọ́ wo ni iyán ò sí lọ́dọ̀ yín?

Akẹ́kọ̀ọ́ Sheffield:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mẹ́nu ba iyán, mo ń fi gààrí sùn o.

Bọ̀dá Manchester:
Sheffield, Leeds, mò ń kó ẹrù gba ojú ọ̀nà yín lọ lọ́jọ́ 23. Adìyẹ líle méjì wà nínú fírísà mi, ìrẹsì náà á wà. Ẹ fi àdírẹ́sì yín sí mi ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Thamesmead:
Bọ̀dá, Ọlọ́run á bù kún yín. Ẹ fi tàtàṣé kún ti akẹ́kọ̀ọ́, màá san owó ẹ̀.

Bọ̀dá Manchester:
Kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n láti akáǹtì tìẹ gan-an o!