Obìnrin mẹkáníìkì nínú iṣẹ́ ológun: ibo gan-an ni ìgbéga ti ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́?

Sípánà19

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wọ́kùṣọ́ọ̀pù. Ìbéèrè mi dá lé àwọn obìnrin tó ń tún ọkọ̀ ṣe nínú iṣẹ́ ológun. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mẹkáníìkì 12 ló wà lábẹ́ sájẹ́ǹtì kan, tí 3 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn ti jáde, ìwé ẹ̀rí kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó bú wọn, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ọkọ̀. Síbẹ̀, tí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá jókòó lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ló máa wà lákọsílẹ̀ àwọn ọkùnrin. Ọ́ìlì, fílítà àti ìwé sítọ́ọ̀ ló máa wà ní ti àwọn obìnrin.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Ibo ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ́? Kí la lè fi dá àwọn tó ń sọ pé agbára wọn ò tó lóhùn? Tí obìnrin bá sì lóyún, báwo la ṣe ń ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ò fi ní ṣófo fún ọdún kan gbáko? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la ni mo ń wá.

Olùyẹ̀wò_Ọkọ̀

Ibi tó ti ń wọ́ kò jìnnà, ọ̀gá. Ojú pátákó iṣẹ́ àárọ̀ ni. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, sájẹ́ǹtì á sì pe ẹni tó ti tú gíábọ́ọ̀sì nígbà mẹ́wàá. Onítọ̀hún á tún di ẹni tó tú u nígbà mọ́kànlá, ẹni tí kò tú u rí á sì tún di tọ́ọ̀ṣì mú. Ibi kejì ni sítọ́ọ̀. Wọ́n á ní ọwọ́ ìwé obìnrin máa ń mọ́, kó lọ bá wọn ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì á di oṣù mẹ́jọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má gbèrò ibi, ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí ìwé nìkan ni ìgbìmọ̀ ìgbéga ń rí.

Ẹ wo iṣẹ́ bírèkì ọkọ̀ akẹ́rù kan tí èèyàn méjì jọ ṣe. Ọkùnrin yọ dúrọ́ọ̀mù, ó tú sípíríǹgì, ó pààrọ̀ ṣúù (ohun tó ń tẹ dúrọ́ọ̀mù kí ọkọ̀ lè dúró), ó yí ohun tí wọ́n fi ń tò ó títí ṣúù fi kan dúrọ́ọ̀mù, ó wá dá a padà díẹ̀ kí táyà lè yí fàlàlà. Obìnrin nu eruku (aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nù ún o, ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ), ó lọ gba ṣúù tuntun ní sítọ́ọ̀, ó fọwọ́ síwèé, ó tan iná. Lórí káàdì, orúkọ ọkùnrin wà níbi oníṣẹ́, ti obìnrin wà níbi olùrànlọ́wọ́. Tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ bá pé mẹ́wàá, obìnrin yẹn ti rí bírèkì mẹ́wàá, kò sì tíì ṣe ẹyọ kan. Tí wọ́n bá wá bi í bó ṣe ń rí lọ́wọ́ nígbà tí ṣúù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan dúrọ́ọ̀mù, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n?

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí. Ẹ mú pépà ńlá kan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo mẹkáníìkì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ kọ iṣẹ́ sókè ní ìpele mẹ́ta: àkọ́kọ́, sáfíìsì (ọ́ìlì, fílítà, gíríìsì), èkejì, ẹ̀yà ọkọ̀ (bírèkì, sítátà, ọ̀pá ìdarí), ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ńlá (gíábọ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnnì, àti wíwá àìsàn ọkọ̀ tí kò hàn síta). Déètì ni kẹ́ ẹ kọ sínú àpótí, kì í ṣe àmì lásán. Lórí káàdì, ẹ ya ìfọwọ́sí sí mẹ́ta: ẹni tó ṣe é, ẹni tó dúró tì í, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ wo àpótí tó ṣófo. Ẹni tó ni àpótí náà ló ni iṣẹ́ irú ẹ̀ tó bá tún wọlé, ọ̀jáfáfá á dúró tì í, kò ní gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tí ewu bá wà. Ẹ má lọ fi iṣẹ́ pàjáwìrì kọ́ èèyàn, torí ẹni tó ń tú gíábọ́ọ̀sì nígbà àkọ́kọ́ lè lo ìlọ́po méjì àkókò. Iṣẹ́ tí déètì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ ti mọ̀ ọ́n láti oṣù bíi mélòó kan sẹ́yìn. Ní ti sítọ́ọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kó jẹ́, tọkùnrin tobìnrin ni kó máa yí kàn, ọjọ́ tí wọ́n bá sì yan èèyàn síbẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ ọjọ́ tó máa padà.

Ohun tó máa ń ba ètò yìí jẹ́ ni kí ẹnì kan máa fi orí rántí, kó wá kọ gbogbo rẹ̀ lópin oṣù. Orúkọ tó bá wà lẹ́nu rẹ̀ ló máa kọ. Kí wọ́n kọ ọ́ nígbà tí irinṣẹ́ bá ń padà sí àyè rẹ̀.

Bóòtù_M20

Ẹ jẹ́ n dá sí ti agbára, torí irọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní MIL-STD-1472, òun ni iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fi ń pinnu bí ohun èlò ṣe gbọ́dọ̀ bá ara èèyàn mu. Tó bá jẹ́ ohun tí ọkùnrin àti obìnrin máa jọ máa gbé, tí wọ́n fẹ́ gbé láti ilẹ̀ dé 91 cm, kílò 20 ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkùnrin nìkan, kílò 39.5. Tó bá ga tó 152 cm, kílò 16.8 fún tọkùnrin tobìnrin, kílò 25.4 fún ọkùnrin nìkan. Èèyàn méjì tó jọ gbé e, ìlọ́po méjì. Ohun tó bá kọjá ìwọ̀n yìí gbọ́dọ̀ ní àkọlé tó sọ bó ṣe wúwo tó àti iye èèyàn tó yẹ kó gbé e.

Ó túmọ̀ sí pé táyà ọkọ̀ ológun tó wúwo tó kílò 60 kì í ṣe ẹrù ọkùnrin kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó dá a gbé ń rú ìlànà, ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì máa san án. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè pẹ̀lú jáàkì títí ihò táyà fi bá bóòtù dọ́gba, ẹ fi tọ́rọ́ọ̀lì tì í wọlé, ẹ fi ìka yí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wọlé kó tó kan irin, kí ẹ má baà fi sípánà wọ́ ọ ní wíwọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fún un ní ìkọjúsíra, kì í ṣe kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e yípo, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta.

Ní ti fífún nọ́ọ̀tì, ìṣirò ni. Ká ní ìwé ọkọ̀ sọ pé kẹ́ ẹ fún un dé 600 Nm (Nm ni òṣùwọ̀n agbára ìyípo, N ni ti agbára tí ọwọ́ fi tì í). Pẹ̀lú sípánà 60 cm, ẹ nílò 1,000 N, bí ìgbà tí ẹrù kílò 102 rọ̀ mọ́ orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin gan-an ò lè fi ọwọ́ lásán ṣe ìyẹn, ara ni wọ́n ń gbé lé e. Pẹ̀lú torque wrench (sípánà tó ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe fún tó) tó gùn tó 1.2 m, ó di 500 N. Pẹ̀lú torque multiplier (ẹ̀rọ oníjíà tó ń sọ agbára ọwọ́ di púpọ̀) onílọ̀ọ́po márùn-ún, nǹkan bíi 120 Nm ni ọwọ́ máa fún, ìyẹn 200 N lórí ọ̀pá 60 cm, ẹrù bíi kílò 20. Díẹ̀ máa ń ṣòfò nínú jíà rẹ̀, nítorí náà ẹ lo ìṣirò tó wà nínú ìwé ẹ̀rọ náà. Ẹ má ki páìpù bọ torque wrench láé: òǹkà rẹ̀ á yí padà, ó sì lè dá.

Ẹ̀tàn kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí. Ẹnì kan á fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fún nọ́ọ̀tì táyà láì wọ̀n ọ́n, á fún un kọjá ààlà. Bóòtù á ti fà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin á wá tú u, kò ní ṣí, wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, agbára ò sí. Ẹni tó fún un láìwọ̀n ló jẹ̀bi, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kò péye.

Gíábọ́ọ̀sì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi àyà gbà á. Jáàkì gíábọ́ọ̀sì ni, kẹ́ ẹ fi bẹ́líìtì dì í mọ́ ọn níbi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti dọ́gba. Tí bóòtù tó kẹ́yìn bá kúrò tí gíábọ́ọ̀sì sì fi ọ̀pá iwájú rẹ̀ rọ̀ sínú kílọ́ọ̀ṣì, àárín àwo kílọ́ọ̀ṣì lè tẹ̀, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n nígbà tó bá ń gbéra. Sùúrù àti ojú ló ń dènà ìyẹn.

Ojú_Ogun

Mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, mo sì fara mọ́ ti káàdì. Ṣùgbọ́n ojú ogun kò ní kíréènì nígbà gbogbo. Tí ọkọ̀ bá dúró sínú ẹrẹ̀ tí ọ̀tá sì wà nítòsí, ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló máa ṣe é. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí wọ́n rẹ òṣùwọ̀n sílẹ̀ fún ẹnì kan. Tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, àwọn obìnrin tó yege tọkàntọkàn gan-an ni wọ́n máa kọ́kọ́ fojú kéré.

Bóòtù_M20

Ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ìdánwò okun ara yàtọ̀ sí ìdánwò iṣẹ́. Ní 2017 iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìdánwò okun ara tí wọ́n ń pè ní OPAT kalẹ̀ fún àwọn tó ń wọṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n pè ní èyí tó wúwo jù, ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbé pọ́n-ùn 160 nílẹ̀, bíi kílò 72 àti ààbọ̀; ìpele tó tẹ̀ lé e, pọ́n-ùn 140; èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, 120. Òṣùwọ̀n kan náà ni fún ọkùnrin àti obìnrin. Ẹni tó bá ti yege, ọ̀rọ̀ agbára parí lórí rẹ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ tó yege fún.

Ní ti ojú ogun: ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú òfuurufú 588 ti Soviet, tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, obìnrin ni awakọ̀, obìnrin ni mẹkáníìkì, obìnrin ni àwọn tó ń so bọ́ǹbù. Ọkọ̀ òfuurufú Po-2 wọn máa ń fò lọ fò bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóru kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ǹbù, lẹ́gbẹẹgbẹ́. Nígbà tó yá, dípò kí mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan máa dúró de ọkọ̀ tirẹ̀, wọ́n pín ara wọn: àwọn kan ń gba ọkọ̀ tó balẹ̀, àwọn kan ń bu epo, àwọn kan ń so bọ́ǹbù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójú ogun tí kò sí kíréènì nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ibùdó

Ìbéèrè kẹta ló kàn mí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí obìnrin sọ pé òun lóyún láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán wọ́n ti gbé e sídìí tẹlifóònù títí yóò fi bímọ. Ìlànà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ti iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, AR 40-501, ìyẹn ìwé ìlànà ìlera wọn, bó ṣe wà ṣáájú 2019. Ohun tó ní kí aláboyún yẹra fún ni epo ọkọ̀ ológun, kíkùn ọ̀dà, jíjó irin, lílọ irin, fífọ ẹ̀yà ọkọ̀ nínú kẹ́míkà, àti ibi tí èéfín dísẹ́ẹ̀lì ti ń wọlé sí i lára lójoojúmọ́. Ìdí rẹ̀ yé èèyàn: afẹ́fẹ́ carbon monoxide máa ń dín ọ́síjìn tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ kù, òjé sì máa ń kọjá láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá sínú ọmọ. Ṣùgbọ́n ìlànà yẹn kan náà gbà pé kó máa ṣe àyẹ̀wò ojoojúmọ́ lórí ọkọ̀ tó bá ti wọ ibọ̀wọ́ tí nǹkan ò lè gbà kọjá àti aṣọ iṣẹ́ tó bo gbogbo ara. Láti ọ̀sẹ̀ 20, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá mọ́, torí ìwọ̀n ara rẹ̀ ti yí padà, ó lè ṣubú. Láti ọ̀sẹ̀ 28, ìsinmi ìṣẹ́jú 15 ní wákàtí méjì-méjì, iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí 8 lójúmọ́.

Kí ló wá kù tó lè ṣe tó máa wọ àkọsílẹ̀? Ó pọ̀. Fífi mítà wá ibi tí wáyà ti já, kíka àwòrán iná ọkọ̀, yíyẹ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì wò kí ọkọ̀ tó jáde, kíkọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Iṣẹ́ ìpele kẹta pọ̀ nínú ìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ déètì rẹ̀ sórí pépà Olùyẹ̀wò.

Ẹ tún fojú sí ibọ̀wọ́. Tó bá tóbi ju ọwọ́ lọ, orí ìka á ṣófo, èèyàn ò ní lè fi ìka mọ̀ bóyá nọ́ọ̀tì wọlé dáadáa, ohun tó ń yí á sì tètè fà á wọlé. Ẹni tó bọ́ ibọ̀wọ́ sílẹ̀ nítorí ìyẹn kì í ṣe aláìgbọràn. Ẹ béèrè fún ìwọ̀n tó kéré nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ìwé ohun èlò.

Sípánà19

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ó ku ẹyọ kan: ìwé tí sájẹ́ǹtì ń kọ nípa ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀?

Olùyẹ̀wò_Ọkọ̀

Iṣẹ́ àti òǹkà. Ìwé obìnrin sábà máa ń kún fún ìwà: "Èèyàn dáadáa ni, ó ń ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ibi iṣẹ́ rẹ̀ mọ́." Ìgbìmọ̀ kò rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Ẹ kọ báyìí: "Ó tú gíábọ́ọ̀sì 4, ó tún bírèkì ọkọ̀ 11 ṣe, kò sí èyí tó padà wá láàrin ọjọ́ 90, ó kọ́ ọmọ ogun 2 bí wọ́n ṣe ń fi mítà wá ibi tí iná ti já." Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kọ gbogbo wọn tán, ẹ bo orúkọ, ẹ kà wọ́n pọ̀. Tẹ́ ẹ bá lè mọ èyí tó jẹ́ ti obìnrin, ẹ tún un kọ. Ní 2020 iṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà yọ fọ́tò kúrò nínú ohun tí ìgbìmọ̀ ìgbéga ń wò. Ìdí kan náà ni.

Òfin gan-an ló dínà fún wọn tẹ́lẹ̀. Òfin 1948 ní Amẹ́ríkà ní kí obìnrin má ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ogun lọ, kò sì jẹ́ kí ipò wọn kọjá lieutenant colonel, àfi ẹni tó bá ń darí ẹ̀ka àwọn obìnrin. 1967 ni wọ́n tó mú un kúrò. Òfin yẹn ti lọ, àmọ́ káàdì tó wà lórí tábìlì sájẹ́ǹtì ṣì wà.

Kí mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan sì gba ẹ̀dà káàdì rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibùdó míì. Ìwé ìpele kẹta ló máa ń sọnù jù lójú ọ̀nà, ẹni tí kò bá sì ní ẹ̀dà, ọ́ìlì àti fílítà ni wọ́n á tún fi bẹ̀rẹ̀ fún un níbẹ̀.