Ìyára kọ́ ni ìfikún-eré: lórí ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò fún ọkọ̀ kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àbá yín ni pé kí a máa lo "ìyára" fún ohun tí àwọn awakọ̀ ń pè ní píkì, kí "ìtura" sì dúró fún ìrọ̀rùn inú ọkọ̀. N kò fara mọ́ èkíní rárá. Èkejì nílò àtúnṣe.

Ọkọ̀ tó ń lọ ní 80 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ọ̀nà kọnkéré tó ti Ọ̀bàjànà wá sí Kàbà ní ìyára. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ míítà kò bá kúrò lórí 80, kò sí píkì kankan níbẹ̀. Bí eré ṣe ń lé sí i ni píkì. Ọkọ̀ tó kúrò ní 40 tó dé 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 ń fi 4 kún eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. "Fi kún eré", "dín eré kù": ẹnu awakọ̀ la ti ń gbọ́ ọ. Nítorí náà, "ìfikún-eré" ni tèmi, "ìdínkù-eré" sì ni òdìkejì rẹ̀. Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù: ìyára, iyàrá tí a ń sùn sí, àti Ìyàrá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, yóò wá di ọ̀kan náà.

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti ṣe pàtàkì jù ni kílọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ. Ẹ tẹ tọ́tù lórí òkè, ẹ́ńjìnì pariwo, ó ń yí kíákíá sí i, síbẹ̀ ọkọ̀ kò lọ jù bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀, nítorí pé kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, agbára kò sì dé ọ̀dọ̀ táyà. Ẹ́ńjìnì yára, ọkọ̀ kò fi kún eré. Mẹkáníìkì tó bá ka "kò ní ìyára" lè lọ máa yẹ púlọ́ọ̀gì àti fílítà afẹ́fẹ́ wò. Àwọn yẹn náà máa ń fa àìlágbára, pàápàá fílítà tí eruku ọyẹ́ ti dí, àmọ́ nígbà náà ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ni kì í fẹ́ yí sókè.

Ẹrù náà ńkọ́? Ọkọ̀ kékeré 900 kìló pẹ̀lú awakọ̀ 70 kìló jẹ́ 970. Ẹ fi èrò mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 70 kìló àti iṣu 100 kìló sí i, ó di 1,280. Pẹ̀lú agbára kan náà, ìfikún-eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì kékeré kì í ní ipá gidi àfi tó bá ń yí dáadáa. Nítorí náà, kí awakọ̀ tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ láti kọjá tírélà sìmẹ́ǹtì, kó kọ́kọ́ ti gíà kẹrin bọ́ sí ìkẹta, kó pa ẹ́sì (ẹ̀rọ amúlétutù), kó sì rí i pé ọ̀nà ṣófo jìnnà ju bó ṣe rò lọ.

Ní ti "ìtura", ohun méjì la pa pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo táyà. Bí ìwé ara férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ bá ní kí afẹ́fẹ́ táyà jẹ́ 33 psi, tí fọ́kánáísà fún un ní 45, ọwọ́ awakọ̀ yóò fúyẹ́ lórí sítíárín, inú rẹ̀ yóò sì dùn. Èrò tó jókòó sẹ́yìn ni gálọ́ọ̀pù yóò máa gbá ní ẹ̀yìn. Ọkọ̀ kan náà, ìrọ̀rùn fún ẹnìkan, ìnira fún èkejì. Mo dábàá "ìrọ̀rùn ìwakọ̀" fún ti sítíárín, kílọ́ọ̀ṣì àti gíà, àti "ìrọ̀rùn ìjókòó" fún ti ṣọ́ọ̀kì, búùṣì, táyà àti àga. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́ta nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹ́ńjìnì sítìn (rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnì dúró) bá ti jẹ, kan méjèèjì, ó sì yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀.

Ìbéèrè kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí: ipá tí ẹ́ńjìnì fi ń yí. Mo ń lo "ipá ìyí", kí "agbára" lè dúró fún iye iṣẹ́ tí ó ń ṣe láàárín àkókò. Ṣé ó bá yín lára mu?